Nítorí Pálọ̀ Tuntun, Ṣìkẹ́mi Sọ Ìyá Ọkọ Rẹ̀ Di Olóògbé

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti pe dìsáínà wá tún inú ilé yín ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ṣìkẹ́mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a kọ ọ́. Ó ní ó sàn kí ẹ gbọ́ ọ níbí ju kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ìjọ òun, torí wọ́n ti bu ata àti iyọ̀ sí i.

Igbákejì ọ̀gá ni Ṣìkẹ́mi ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Sinkor, nílùú Monrovia. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìwà rere. Ọmọ tó bá purọ́ níwájú rẹ̀, pápá ìṣeré ni yóò gbá títí tí ẹ̀yìn yóò fi máa ro ó.

Ẹnjiníà ni Ọláfimíhàn, ọkọ rẹ̀. Ọ̀nà ló ń bá wọn là ní agbègbè Nimba tó jìnnà sí Monrovia, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló sì máa ń wálé. Àwọn ọmọ wọn ti wà ní yunifásítì ní Nàìjíríà. Ilé wọn tó wà lẹ́yìn Old Road wá ku Ṣìkẹ́mi àti Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀.

Màmá kì í ṣe oníwàhálà. Kì í ṣí ìkòkò onílé wò, kì í fi ẹjọ́ ìyàwó sun ọmọ. Ẹ̀sùn kan ṣoṣo ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹja yíyan ni. Gbogbo Sátidé ló máa ń lọ bá àwọn ẹlẹ́ja ní West Point. Tó bá rà á dé, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló máa ń kó o sí, ó ní òun ò fọkàn tán ológbò àdúgbò. Òórùn ẹja yìí á gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde, á wá bá àlejò jókòó ní pálọ̀.

Wàhálà gan-an bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Títí pe ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ sí ilé rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Ṣìkẹ́mi ni Títí, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún pálọ̀ rẹ̀ ṣe ni. Nígbà tí àwọn obìnrin náà wọlé, wọ́n bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Àga kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tí èèyàn ń gbé ẹ̀yìn sí.

"Patience ló ṣe é," ni Títí wí, bí ẹni pé òun ò fẹ́ sọ ọ́. "Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Gurley Street. Àmọ́ ẹ má wulẹ̀ ṣe ara yín ní wàhálà. Kì í gba gbogbo èèyàn. Ó máa ń yan oníbàárà ni."

Ṣìkẹ́mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ mọ́ ní ìpàdé ọjọ́ náà. *Ó máa ń yan oníbàárà ni.* Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lọ tó ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Àsìkò náà sì wọ̀. Ọmọ Màmá obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Màmá sì ti lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Lẹ́yìn Kérésì ni wọ́n tó ń retí rẹ̀.

Ó di ọjọ́ Mọ́ńdè, Ṣìkẹ́mi gba Gurley Street lọ.

Ọmọ Monrovia ni Patience. Yorùbá ni bàbá rẹ̀, ọmọ Liberia ni ìyá rẹ̀. Yorùbá inú ilé ló ń sọ, ìyẹn ni pé ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní tábìlì kan, àga kan àti òdòdó kan. Ó ṣófo débi pé Ṣìkẹ́mi kọ́kọ́ rò pé olè ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jà níbẹ̀.

"Auntie, kí n tó fọwọ́ kan ilé yín, mo ní láti mọ̀ yín," ni Patience wí. "Ẹ má sọ bí ẹ ṣe *fẹ́* máa gbé fún mi o. Bí ẹ ṣe ń gbé gan-an ni kí ẹ sọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, kí lẹ máa ń ṣe ní pálọ̀?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé tó bá di ìrọ̀lẹ́, Ṣìkẹ́mi máa ń na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí tábìlì, á máa wo fíìmù Yorùbá, òun àti Màmá á máa pa ẹ̀pà, èèpo rẹ̀ á sì kún ilẹ̀.

"A máa ń kàwé," ló dáhùn.

"Ìwé! Das fine o. Kí lẹ máa ń mu?"

"Tíì."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

Ẹ̀bà tó jẹ kó tó kúrò nílé ṣì wúwo níkùn rẹ̀. "Sàláàdì ló pọ̀ jù."

Patience wò ó tìyanutìyanu. "Auntie, irú yín ni mo máa ń wá."

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n ti yàn án. Orí rẹ̀ wú, ó jáde sí Gurley Street bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè.

Nígbà tí Patience wá wo ilé, ó rìn yíká pálọ̀, ó ń mi orí. Ó wo kíṣíìnì, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìlẹ̀kùn kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pariwo.

"Auntie! Wo ìmọ́lẹ̀!"

Yàrá Màmá ni. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé, oòrùn àárọ̀ sì tàn kún inú rẹ̀. Ibùsùn Màmá wà níbẹ̀, àti Bíbélì rẹ̀, àti ìró rẹ̀ tó fi kọ́ sára ìlẹ̀kùn. Àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀wù akọrin wà lára ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tí yàrá yìí bá jẹ́ tèmi, ibi ìmúra ni màá fi ṣe," ni Patience wí. "Dígí níbí, dígí lọ́hùn-ún. Bàtà yín lápá ibí yìí. Àga kékeré kan láàárín, tí ẹ ó máa jókòó sí, tí ẹ ó máa wo ara yín. Yàrá ta ni?"

Ṣìkẹ́mi ti rí i. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga kékeré náà, ó ti rí Títí lẹ́nu ọ̀nà tó ya ẹnu sílẹ̀.

"Ìyá ọkọ mi ló ni ín," ló wí.  "Tẹ́lẹ̀."

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "tẹ́lẹ̀", òun ló dá gbogbo ohun tó kù sílẹ̀.

Patience fi ọwọ́ sí àyà. "Oh, Auntie. Sorry yah. Ṣé ó ti pẹ́ tí wọ́n lọ?"

Ó wá ku kí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìwà rere dáhùn. Ó wo ilẹ̀. "Oṣù tó kọjá ni."

"Ṣé ìyà jẹ wọ́n kí wọ́n tó lọ?"

"Rárá o. Wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n lọ."

"Thank God. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Èmi àti ọkọ mi la sin Màmá."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ẹni tó sin ìyá ọkọ rẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú àti ẹni tó sin ìyá ọkọ rẹ̀ sí itẹ́ òkú, bákan náà ni ẹnu wọn ṣe ń wí i. Ṣìkẹ́mi mọ èyí tí òun ń wí. Ó sì mọ èyí tí Patience gbọ́. Omi ti lé sójú ọmọbìnrin náà.

Kò purọ́. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń ti ìlẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ ọmọ ilé-ìwé ló wí irú ẹ̀ níwájú rẹ̀, pápá ìṣeré ni.

Ní ti ibi tí Màmá máa sùn tó bá dé, ó ti rò ó. Yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣíìnì á gbà á. Wọ́n á tún un ṣe tó bá yá. Ní báyìí ná, wọ́n di ẹrù Màmá sínú àpò, wọ́n kó o sí ilé jẹnẹrétọ̀ ní ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ibùsùn rẹ̀ ta ìyá kan ní ìjọ lọ́rẹ.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti pe dìsáínà rí á mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ràn jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síta.

Patience dúró níwájú tẹlifíṣàn. "Èyí ń lọ."

"Tẹlifíṣàn?"

"Auntie, ìwé lẹ ní ẹ máa ń kà."

 Tẹlifíṣàn lọ.

Ó kan odó. "Sàláàdì lẹ ní ẹ ń jẹ." Odó lọ.

Ó kan àga tí Ọláfimíhàn ti jókòó sí títí tó fi ní kòtò. "Àga yìí ò jẹ́ kí ilé mí."

"Ṣé ilé máa ń mí ni?"

"Auntie, tiyín ti fẹ́ẹ̀ kú."

Lẹ́yìn èyí, Patience kó oríṣiríṣi ọ̀dà funfun wá, ó ní kí Ṣìkẹ́mi yan ọ̀kan. Ṣìkẹ́mi wò wọ́n títí ojú ń ro ó. Funfun ni gbogbo wọn. Ó kàn nawọ́ sí ọ̀kan lásán.

"Auntie, ẹ lójú!" ni Patience wí. Inú Ṣìkẹ́mi dùn títí di alẹ́.

Wọ́n kó ìwé wá kún ògiri, àwọn ìwé tí wọ́n yàn nítorí àwọ̀ ẹ̀yìn wọn. Ọ̀kan dá lórí àìsàn eyín ẹṣin. Ìyẹn ló wà lókè pátápátá, torí àwọ̀ rẹ̀ bá tìmùtìmù mu.

Ọláfimíhàn wálé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ó wá àga rẹ̀ títí, kò rí i, ó dúró bí ẹni tó wà lẹ́nu ìlà ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló rí i pé wọ́n ti yàrá Màmá pa.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí yàrá Màmá?"

"Wọ́n ń tún un ṣe ni, Bàbá Fẹ́rànmí."

"Yàrá Màmá? O ń tún yàrá Màmá ṣe?" Ó yíjú sí i. Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Fún Màmá?"

Àyè wà fún un níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún un láti sọ òótọ́.

"Àfi bí ẹ bá mọ ẹlòmíràn tó ni ín," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ọkọ rẹ̀ dì mọ́ ọn. Kò tíì dì mọ́ ọn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, Ṣìkẹ́mi. Mi ò mọ̀ pé o ń ro ti Màmá tó báyìí." Ó mú fóònù, ó bọ́ sí ìta lọ pe ẹnì kan. Ṣìkẹ́mi ò bi í pé ta ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, Patience lé e jáde. "Ẹ má wọlé títí di ọjọ́ tí a máa ṣí i. Mo ní surprise kan fún yín. Mi ò gba owó rẹ̀. Láti inú ọkàn mi ni."

Ṣìkẹ́mi kó aṣọ díẹ̀, ó lọ sùn sí ilé Títí.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣí ilé náà. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wá, Pásítọ̀ Adémọ́lá náà wá láti gbàdúrà sí i. Ọláfimíhàn nìkan ni kò tíì dé. Ó ti pè, ó ní, "Ẹ máa bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbé ẹnì kan bọ̀ láti pápákọ̀ Robertsfield. Èmi náà ní surprise tèmi."

Pálọ̀ náà funfun débi pé àwọn obìnrin ń pajú. Pásítọ̀ wá ibi jókòó, ó jókòó. Patience rọra tẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ní tábìlì ni. Pásítọ̀ dìde, kò tún jókòó mọ́ títí tí wọ́n fi ṣe tán.

"Ilé yìí ń sọ̀rọ̀," ni obìnrin kan wí.

"Kí ló ń sọ?" ni ẹnì kejì bi í.

"Má fọwọ́ kan nǹkan."

 Títí ń wo àwọn ìwé, ojú rẹ̀ le díẹ̀. Ṣìkẹ́mi rí i. Ó ní ká sọ òótọ́ fún yín, ó ní adùn ìṣẹ́jú yẹn ju ti ìgbéyàwó òun lọ.

Wọ́n wá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá ìmúra. Patience ṣí ìlẹ̀kùn. Dígí níwájú, dígí lẹ́yìn, bàtà tò lọ bí ọmọ-ogun. Ní igun kan, aṣọ àlà bo nǹkan kan mọ́ ara ògiri.

Patience rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá wa, Auntie Ṣìkẹ́mi kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ síta. Àmọ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ yàrá yìí, mo rí ojú wọn. Mo ní, rárá, Old Ma ò lè kúrò ní ilé yìí bẹ́ẹ̀."



Patience fa aṣọ náà sílẹ̀.

Màmá ni. Wọ́n ti sọ àwòrán rẹ̀ di ńlá, wọ́n fi férémù aláwọ̀ wúrà yí i ká. Òdòdó funfun wà lábẹ́ rẹ̀, àbẹ́là ń jó. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó kékeré kan pé: *Sùn re o, Màmá.*



"Yéè!" Títí ló ké. "Màmá kú? Ṣìkẹ́mi! O sùn ní ilé mi fún odidi ọ̀sẹ̀, o jẹ ìrẹsì mi, o ò sọ fún mi pé Màmá ti kú?"

Ẹkún sọ. Àwọn obìnrin di orí mú. Ọ̀kan jókòó lórí àga kékeré náà, ó ń fi gèlè nu ojú. Ṣìkẹ́mi ń lanu, ó ń pa á dé. "Kì í ṣe... ẹ gbọ́ ná..." Ta ló ń gbọ́?

Pásítọ̀ Adémọ́lá ti rí ọ̀fọ̀ púpọ̀ láyé rẹ̀. Ó mọ ohun tí èèyàn ń ṣe. Ó dijú, ó dá orin ìsìnkú. Gbogbo wọn gbè é. Wọ́n ń kọ ọ́ lọ, ó ń dùn, ó ń ba ni nínú jẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́ ìró mọ́tò níta.

Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ kejì, ohùn kan bá wọn gbè é láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn àgbà, ohùn akọrin tó ti mọ orin náà láti kékeré, tí kò lè gbọ́ ọ kó má gbè é.

Àwọn tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ yíjú. Orin bẹ̀rẹ̀ sí kú ní ẹyọ ẹyọ. Obìnrin kan pe orúkọ Jésù, ó fò sórí àga tó wà láàárín. Òmíràn wọ àárín àwọn bàtà.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì rẹ̀ lọ́wọ́. Ọláfimíhàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, kò tíì mọ̀ pé kó pa á rẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni Màmá wí. "Ta ló kú?"

 Gbogbo wọn yà sọ́tùn-ún sósì, ó sì rí ara rẹ̀ lára ògiri.

Ó wò ó pẹ́. Ó sún mọ́ ọn, ó ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fẹ́ àbẹ́là náà pa.

"Àwòrán yìí dára," ló wí. "Ta ló ṣe é?"

Patience bọ́ síwájú. "Èmi ni, Mà. Sorry yah, Old Ma."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo kú?"

Ọmọbìnrin náà wo Ṣìkẹ́mi. "Auntie ní àwọn sin yín."

"Mo ní a sin wọ́n dé pápákọ̀!" ni Ṣìkẹ́mi ké. "Pápákọ̀ ni mò ń wí!"

"Auntie, mo ní sorry." Ohùn Patience ti ń ga. "Mo bi yín pé ṣé ìyà jẹ wọ́n. Ẹ ní wọ́ọ́rọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n lọ. Mo sunkún níwájú yín, Auntie! Ẹ fún mi ní hankáṣíìfù!"

Pásítọ̀ bojú wo ilẹ̀. Títí ti nu ojú rẹ̀, kò sí omijé níbẹ̀ mọ́. Ṣìkẹ́mi fẹ́ yíjú síbòmíràn, dígí ló wà níbẹ̀. Ó yí padà, dígí náà ni.

"Ibùsùn Màmá dà?" ni Ọláfimíhàn bèèrè. Kò pariwo. "Ṣìkẹ́mi, níbo ni ibùsùn Màmá wà?"

Ó jáde gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà tó padà, Bíbélì Màmá ló mú lọ́wọ́. Ó ń rùn fún epo dísẹ́ẹ̀lì. Ó gbé e lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀, wọ́n sì jáde. Ilé Títí ni Màmá sùn lọ́jọ́ náà, ní yàrá tí Ṣìkẹ́mi ti sùn ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún Màmá. "Dìde," ni Màmá wí, "aṣọ rẹ á dọ̀tí." 

Lọ́jọ́ Àìkú, àsìkò ẹ̀rí tó, Màmá ló kọ́kọ́ dìde. Ó gba makirofóònù.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Ìyàwó ọmọ mi sin mí, ó gbé òdòdó sí mi lórí, ẹ̀yin náà kọrin fún mi, orin náà sì dùn. Mo tún wà níbí."

Gbogbo ìjọ hó yèè. Wọ́n ní kí ìdílé jáde wá jó. Bẹ́ẹ̀ ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ṣe jó lọ síwájú pẹpẹ, ó ń jó fún àjíǹde ẹni tí kò kú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì wà lórí ìjókòó àkọ́kọ́ tí wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ìsìn parí, inú mọ́tò Ṣìkẹ́mi ni Màmá wọ̀. Ó ní kí Ọláfimíhàn máa bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n gba Old Road títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé.

"Ìyàwó," ni Màmá wí. "Nígbà tí ọmọ yẹn rò pé mo ti kú, tí o dákẹ́. Ṣé ara tù ọ́?"

Oríṣiríṣi ìdáhùn wà lẹ́nu Ṣìkẹ́mi. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọ̀rọ̀ kí ó lè dùn gbọ́. Ó di ọwọ́ ọkọ̀ mú.

"Ó tù mí, Mà."

Màmá mi orí díẹ̀díẹ̀. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tó ti ń bèèrè tipẹ́.

"Nígbà tí Ọláfimíhàn pè mí pé o ń tún yàrá mi ṣe, mo sunkún," ló wí. "Mo sọ fún wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé ẹ má dá mi dúró, ìyàwó mi ń retí mi. Ìdí tí mo fi tètè dé nìyẹn."

Ṣìkẹ́mi ò rí ọ̀nà mọ́. Ó yà sí ẹ̀gbẹ́, ó fi orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Àwọn kẹ̀kẹ́ ń fun fèrè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Màmá ò fọwọ́ kàn án, kò sì ní kó dákẹ́. Ó jẹ́ kó sun ún tán.

"Ó tó," ló wí nígbà tó yá. "Máa wa ọkọ̀. Oorun ń kùn mí."

Nígbà tí wọ́n dé ilé, Màmá ò wo yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíṣíìnì, kò wo yàrá dígí. Yàrá Ṣìkẹ́mi àti ọkọ rẹ̀ ló wọ̀ lọ tààrà, ó bọ́ bàtà, ó dùbúlẹ̀ sáàárín ibùsùn ńlá wọn, ó sì ti ìlẹ̀kùn látinú. Títí di bí a ṣe ń kọ èyí, ibẹ̀ ló ń sùn. Kò sì tíì sí ẹni tó láyà nínú ilé náà láti bi í ìgbà tó máa kúrò.